Osibisa láti 1971 sí 1976: èwo nínú àwọn àwo orin wọn ni ó tó owó rẹ̀?

Ohun tí etí kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ bá fara kan àwo orin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Osibisa gbé jáde ní 1971 kì í ṣe gìtá, kì í sì í ṣe ìlù, bí kò ṣe igbe ìrẹ̀ àti ti àwọn kòkòrò òru, bí ẹni pé ènìyàn sùn sí abà tí ó sì jí ní ìdájí kí ojúmọ́ tó mọ́. Ohùn ọkùnrin kan á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, fèrè á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn ìlù yóò tó máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. “The Dawn” ni wọ́n pe orin náà, orúkọ ọ̀hún sì bá a mu. Ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ní ìlú London ń fi ariwo gìtá já ilẹ̀kùn wọlé, àwọn wọ̀nyí kan ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́, wọ́n sì dúró kí onílé dáhùn. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ra àwo orin wọn ní ẹyọ ẹyọ, mo sì ti gbọ́ àwọn tí wọ́n ṣe láti 1971 títí dé 1976 tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ná owó rẹ̀ sí wọn èyí tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mú àti èyí tí ó lè fi sílẹ̀ lórí àtẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ tún ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìtajà àwo orin tí mo ti wọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn olórin ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n máa ń kó Osibisa sí, ní igun ẹ̀yìn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ayé ìgbà náà wà ní ọwọ́ iwájú níbi tí ojú ti ń tètè tó wọn. Èmi kò fara mọ́ ọn. London ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1969, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ra àwo rọ́ọ̀kì náà ni wọ́n sì ń ra tiwọn. Teddy Osei, ọmọ Kumasi tí ó ti wà ní London láti 1962, ni olórí wọn. Òun ni ó ń fọn sásófóònù àti fèrè, ọdún 2025 ni ó sì papò dà. Àbúrò rẹ̀, Mac Tontoh, ni ó ń fọn tùràǹpẹ́ẹ̀tì, Sol Amarfio tí òun náà jẹ́ ọmọ Gánà ni ó sì jókòó sídìí ìlù jáàsì. Àwọn mẹ́ta wá láti erékùṣù Karíbíánì: Wendell Richardson láti Antigua ni ó ń ta gìtá, Spartacus R láti Grenada ni ó di gìtá béèsì mú, Robert Bailey láti Trinidad ni ó sì ń tẹ dùùrù. Ẹnì keje wọn ni ọmọ ilé wa, Lasisi Amao, tí ó ń lu àkúbà tí ó sì tún ń fọn sásófóònù. Ẹni tí ó bá gbọ́ Làsísì ti mọ ibi tí ó ti wá, kí á má tíì dé orí Àmàó tí ó jẹ́ oríkì. Orúkọ ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ jáde láti inú osibisaba, orin àtijọ́ kan tí àwọn Fante etí òkun Gánà ń ṣe kí a tó máa pe ohunkóhun ní háíláìfù.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn àwọn àwo wọ̀nyí: nínú ilé orin yìí, ta ni onílé, ta sì ni àlejò? Bí ìlù bá jẹ́ onílé, tí gìtá àti dùùrù sì wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò tí ó mọ ìwà hù, tí ó kí onílé kí ó tó jókòó, orin Osibisa kò ní ẹlẹ́gbẹ́ láàárín gbogbo rọ́ọ̀kì ìgbà náà. Bí ó bá wá di pé gìtá ni ó gba ilé, tí a kàn ní kí ìlù dúró sí ìta kí ó máa ṣe ọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n ṣì jẹ́, ṣùgbọ́n irú wọn pọ̀.

Nínú àwo àkọ́kọ́, tí ó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà gan-an, ìlù ni onílé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orin méje péré ni ó wà lórí rẹ̀. “Music for Gong Gong” ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé sí i fún ẹni tí kò bá gbọ́ wọn rí. Gong-gong ni wọ́n ń pe agogo tí akéde ń lù kiri ìlú ní Gánà, bí akéde náà sì ni àwọn afọnfèrè ṣe ń ṣe nínú orin yìí: wọ́n á sọ gbólóhùn kúkúrú kan, wọ́n á tún un sọ kí ó lè yé ará ilé àti ará oko, gìtá Richardson á wá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, yóò fi ohùn tirẹ̀ tún un rò. “Ayiko Bia” ni ó sì yẹ kí ọmọ Yorùbá fara balẹ̀ gbọ́. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ohun èlò yòókù ti fàyè sílẹ̀ fún àwọn onílù. Bí ẹ bá lo gbohùngbohùn etí tí ó dára, ẹ óo gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ lórí awọ, ẹ óo sì lè ya ohùn tí ó jáde láti àárín awọ náà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó jáde láti etí rẹ̀. Tony Visconti, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó bá T. Rex àti David Bowie ṣiṣẹ́, ni ó bójú tó gbígba orin náà sílẹ̀, mo sì kan sáárá sí i nítorí pé kò da gbogbo ìlù pọ̀ di ariwo kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò mọyì wọn ì bá ti ṣe.

“Akwaaba” náà wà níbẹ̀, ìyẹn ẹ káàbọ̀ ní èdè Akan, tí ìró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ káàbọ̀ tiwa létí. Èyí tí n kò fẹ́ràn ni “Phallus C”: ó gùn ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ kò sì pa mí lẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, àlébù kan ṣoṣo lára orin méje kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó dá ènìyàn dúró. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé páálí àwo náà. Roger Dean, tí ó padà di ìlúmọ̀ọ́ká nítorí àwọn àwòrán tí ó yà fún ẹgbẹ́ Yes, ni ó ya erin tí ó hu ìyẹ́ kòkòrò tí ó sì ń fò lójú ọ̀run. Àjànàkú tí a mọ̀ sí ẹni tí ń mi igbó kìjikìji ni ó wá fúyẹ́ bí eṣinṣin yìí. N kò mọ àwòrán mìíràn tí ó ṣàlàyé orin inú páálí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí bí ìlù wọn ti wúwo tó náà ni ó ṣe ń fò.

“Woyaya” tẹ̀ lé e nínú ọdún 1971 náà, láti ọwọ́ Visconti yìí kan náà, pẹ̀lú àwọn erin Roger Dean lára páálí. Àwo méjèèjì ni ó dé ipò 11 lórí àtẹ àwọn àwo orin tí ó ń tà jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé àkọ́kọ́ ni ó dára jù; èmi kò lè yàn, nítorí pé orin tí a fi sọ èkejì lórúkọ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. À ń lọ ni ìtumọ̀ woyaya ní èdè Ga. Orin náà kò yára, ohùn púpọ̀ ni ó sì ń kọ ọ́ pọ̀, wọ́n ń sọ pé ọ̀nà náà le, àwọn kò sì mọ bí àwọn yóò ṣe dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn yóò dé. Art Garfunkel tún un kọ nínú àwo rẹ̀ ti 1973, “Angel Clare”. Ohùn rẹ̀ mọ́ ju tiwọn lọ dáadáa, àmọ́ tiwọn ni mo gbà gbọ́, nítorí pé ohùn ẹni tí ó ti di ẹrù rí ni wọ́n fi kọ ọ́. Lórí àwo yìí kan náà ni “Rabiatu” wà, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó dàgbà sí agboolé mùsùlùmí nílẹ̀ wa, àti “Spirits Up Above” tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Rahsaan Roland Kirk, afọnfèrè jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà nì. “Survival” ni ibi tí gìtá ti pariwo jù, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di onílé, ṣùgbọ́n tí àwọn ìlù kò gbà fún un.

“Heads” ti 1972 nílò sùúrù. Mati Klarwein, tí ó ya páálí “Bitches Brew” fún Miles Davis, ni ó ya tirẹ̀, àwòrán náà sì le lójú ju erin tí ń fò lọ. Àwọn orin inú rẹ̀ kúrú ju ti ìṣáájú, òmíràn sì wà tí ó parí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra láti jó. Ohun tí ó wù mí níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe mú eré ọmọdé wọ inú rọ́ọ̀kì láìtijú. “Che Che Kule” jẹ́ orin tí àwọn ọmọ Gánà fi ń ṣeré, tí ọ̀kan ń lé tí àwọn yòókù ń gbè, bí àwọn ọmọ tiwa ti ń ṣe lábẹ́ òṣùpá. “Kokorokoo” ni igbe àkùkọ wọn, gẹ́gẹ́ bí tiwa ti ń kọ kékéréké. Ẹni tí ó bá ti ní àwo méjì àkọ́kọ́ kí ó ra á, ẹni tí kò bá tíì ní wọn kí ó dúró ná.

Lẹ́yìn èyí ni ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Spartacus R lọ, Richardson náà lọ, ó tilẹ̀ ta gìtá fún ẹgbẹ́ Free ní ìbẹ̀rẹ̀ 1973, Jean Mandengue láti Kamẹrúùnù sì gba gìtá béèsì. N kò ní pẹ́ lórí àwọn àwo tí ó jáde láàárín àkókò yìí. Orin tí wọ́n ṣe fún fíìmù “Super Fly T.N.T.” ní 1973 wà fún ẹni tí ó bá ń kó gbogbo rẹ̀ jọ nìkan. “Happy Children” ti ọdún kan náà ní “Adwoa” àti “Bassa-Bassa”, tí ó dára láti gbọ́ nígbà tí ènìyàn bá ń gbálẹ̀. “Osibirock” ti 1974 sì ni èyí tí mo rà tí n kò tún gbé sí i ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Gbogbo ohun èlò ni ó péjọ sínú rẹ̀, kò sì sí onílé.

“Welcome Home” ti 1975 yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ Bronze ni ó gbé e jáde, inú rẹ̀ ni “Sunshine Day” sì wà, èyí tí ó dé ipò 17 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1976. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn àwo méjì àkọ́kọ́ máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú orin yìí nítorí pé ó rọrùn láti gbọ́. Èmi rò pé wọ́n ń ṣe àṣejù. Òótọ́ ni pé ìlù kì í ṣe onílé mọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lé e síta. Ó jókòó nínú pálọ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọmọ Yorùbá mìíràn ni ó sì di gìtá béèsì mú nígbà yìí, Mike Odumosu, tí àwọn ará Èkó ti mọ̀ nínú ẹgbẹ́ BLO pẹ̀lú Laolu Akins àti Berkley Jones. Ẹ tẹ́tí sí bí béèsì rẹ̀ ti ń rìn lábẹ́ “Sunshine Day”, kò sáré, kò sì fà sẹ́yìn. Bí ẹ bá ní ìnáwó tí ẹ fẹ́ kí àgbà àti ọmọdé jó pọ̀, àwo yìí ni kí ẹ gbé sí i. “Ojah Awake” ti 1976, tí “Dance the Body Music” inú rẹ̀ dé ipò 31, ń tẹ̀ lé ipa ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀hún ti ń sú wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ rírà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ ti gbọ́ wọn, láti inú fóònù, n kò sì mọ ohun tí mo ń pàdánù: fóònù gbé gbogbo ohùn fèrè àti gìtá jáde, ó sì gbé àkúbà àti béèsì mì, èyí tí ó túmọ̀ sí pé onílé ni kò sí nílé. Ẹ lo ẹ̀rọ tí ó ní gbohùngbohùn gidi. Bí ẹ bá ń ra àwo àlòkù, ẹ fa á yọ kúrò nínú páálí kí ẹ tó sanwó. Mo ra “Woyaya” lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní pọ́n-ùn 22. Erin Roger Dean dé sílé mi láìní ìpalára kankan, ṣùgbọ́n orin Kérésìmesì ni mo bá nínú páálí náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi jiyàn kí ó tó dá owó mi padà, ó sì ní kí n máa fi àwo Kérésìmesì ọ̀hún ṣe ara rindin. Ẹ tún wo ìbẹ̀rẹ̀ ojú kìn-ín-ní àwo àkọ́kọ́ dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀, nítorí pé “The Dawn” jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo ibi kékeré kan tí ó ti họ fi lè bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ máa ń fò kí fèrè tó wọlé, mo sì ti ń wá òmíràn tí ìrẹ̀ inú rẹ̀ kò ní máa wúkọ́.