Fáànù àbí ọ̀pá: ìbọn yìnyín wo ni kí ẹ rà fún òkè síkì yín?

Ó ti di ìgbà òtútù mọ́kànlá tí mo ti ń tọ́jú yìnyín lórí òkè síkì kékeré kan, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó fẹ́ ra ìbọn yìnyín, ẹ̀rọ tó ń fín omi sínú òtútù kó lè di yìnyín, máa ń bi mí: ṣé oní-fáànù ni, èyí tó rí bìrìkìtì bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, àbí oní-ọ̀pá, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga fíofío? (Ẹ má pè é ní ọlọ́pàá o, kì í mú èèyàn.) Bí kálukú wọn ṣe ń jù ú jìnnà tó wà nínú ìwé olùtajà, n kò ní tún un kà fún yín.

Afẹ́fẹ́ ló jẹ owó mi. Ọ̀pá kò wọ́n, òótọ́ ni. Àlòkù ayé àtijọ́ mẹ́fà ni mo rà, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Àṣé ọ̀pá kì í dá ṣiṣẹ́. Kọ̀mpírẹ́ṣọ̀ ló gbọ́dọ̀ máa fẹ́ ẹ, bí fọkanáísà ṣe ń fẹ́ táyà, àmọ́ tèmi tóbi tó mọ́tò, mo háyà rẹ̀ ni, dísù ló sì ń mu. Láti 1950 ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí ti wà: kọ̀mpírẹ́ṣọ̀ tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà àti rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà ni àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ní Connecticut fi bẹ̀rẹ̀. Kọ̀mpírẹ́ṣọ̀ ti fáànù kéré, ara rẹ̀ ló sì wà. Abẹ̀bẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó kù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Oṣù Kejìlá, ohun tí a fi ń wọn òtútù fi -1°C hàn. Kùrukùru bo òkè. Mo ṣí omi, mo tan kọ̀mpírẹ́ṣọ̀, mo sì na apá síwájú ìbọn bí a ti máa ń ṣe. Yìnyín tó dára á ta kúrò lára aṣọ bí iyanrìn. Tọjọ́ yẹn ń lẹ̀ mọ́ mi lápá, ó sì ń ṣàn. Mo ní yóò tutù sí i tó bá di ìdájí. Kò tutù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkè ti dì bíi gíláàsì, kátàpílà tó ń tẹ́ yìnyín kán eyín mẹ́ta lórí rẹ̀, dísù sì ti tán.

Ẹ rántí omi àmù nígbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń mú un tutù nini. Bákan náà ni ẹ̀kán omi tó jáde lẹ́nu ìbọn. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ dáadáa, tí ọ̀rinrin rẹ̀ kò ju 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, +1°C lè ṣe bíi -3 fún omi yẹn. Nínú kùrukùru, -1 kò kúrò ní -1. Nítorí náà, aṣọ tútù ni kí ẹ fi wé ohun tí ẹ fi ń wọn òtútù kí ẹ tó gbà á gbọ́. Fáànù lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìwọ̀n aṣọ tútù bá wà ní nǹkan bíi -2.5. Àwọn ọ̀pá mi kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ àfi tó bá tutù dé -4. Lóde òní tí òjò ń rọ̀ lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, gbogbo wákàtí mẹ́fà tí òtútù yá wa lè bọ́ sáàárín ìwọ̀n méjèèjì yìí.

Atẹ́gùn: ó máa ń gbé yìnyín ọ̀pá lọ sínú igbó.

Ariwo: ọ̀pá àtijọ́ ń ké, aládùúgbò á bá yín jà.

Iná: fáànù nílò wáyà iná dé orí òkè, gbígbẹ́ ilẹ̀ fún un kì í ṣe owó kékeré. Ẹ kà á mọ́ iye ìbọn.

Títẹ́: èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ jẹ́ kí òkìtì yìnyín ro omi dànù di ọjọ́ kejì kí kátàpílà tó gùn ún. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́ tí omi jáde, kò tíì yá.

Tí òtútù ibi tí ẹ wà bá dúró ṣinṣin ní -10, bíi àríwá Minnesota, tí kọ̀mpírẹ́ṣọ̀ sì ti wà nílẹ̀, ọ̀pá tó, pàápàá tuntun tí kì í jẹ afẹ́fẹ́ púpọ̀. N kò lè bá yín yàn. Fáànù méjì ni èmi ń lò báyìí. Àwọn ọ̀pá mẹ́fà náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá fẹ́ wọn, kó wá gbé wọn, n kò ní gba kọ́bọ̀.