Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra gàrí ní Ìjẹ̀bú: ẹ yẹ ìdí kọ́ńgò wò kí ẹ tó náwó

Ẹ̀yin èèyàn wa, pàápàá ẹ̀yin tó ń gba títì márosẹ̀ Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ tí ẹ máa ń yà ra gàrí délé, ẹ fura. Obìnrin kan wà lọ́jà kan lágbègbè Ìjẹ̀bú-Òde tí ọjà ẹ̀ rọrùn ún ná jù. Mi ò ní dárúkọ ọjà náà, torí àwọn tó ń ta òdodo níbẹ̀ pọ̀ ju tiẹ̀ lọ.

Ó pe kọ́ńgò kan ní ₦1,500. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tá a jọ lọ ní ₦1,000 lòun máa san. Ẹni tó bá mọ oníṣòwò Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń ní kéèyàn máa lọ nìyẹn. Ẹ̀rín ni obìnrin yìí rín. "Àǹtí mi, ẹ mú ₦1,100 wá, ẹ jẹ́ n fi yín ṣí ọjà." Lẹ́yìn ìrun alásárì! Ta ló ń ṣí ọjà nírú àsìkò yẹn?

Ó wọn ti àkọ́kọ́, orí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó tún bu ènì lé e ká tó béèrè. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Ìgbà tó wọn gbogbo ẹ̀ tán, tá a ti sanwó, èmi ní kó dojú kọ́ńgò náà délẹ̀ kí n rí ìdí ẹ̀. Ó ní ṣé mo pe òun lólè ni. Mo ní rárá o, ẹ ṣáà jẹ́ n wò ó. Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí ẹ̀ wọnú débi pé ìkúùkù mi wọ ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nínú, wọ́n yọ́ àbẹ́là sí i yí ká, gàrí ti lẹ̀ mọ́ àbẹ́là ọ̀hún, o ò lè mọ̀ ọ́n àfi tó o bá fi èékánná ha á. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ná kúrò, inú ibẹ̀ ló ti fẹ́ gbà á padà, tòun ti èlé.

Bó ṣe ń kà á náà tún lọ́wọ́ nínú. "Ení, èjì, ẹ̀ta. Àwọn ọmọ ńkọ́, àǹtí mi? Àgbà ti wọ yunifásítì? Ẹ kú oríire o! Àrún..." Níbo ni ẹ̀rin gbà lọ? Tó bá ti ń wọn gàrí fún yín, ẹ má dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kó pè yín ní agbéraga.

Àwọn tó ń fi rọ́bà pẹ́ńtì wọn nǹkan náà ní tiwọn. Wọ́n á fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ ìhà ẹ̀ wọnú. Rọ́bà lítà 4 ni, ó gbọ́dọ̀ gba pure water mẹ́jọ, torí 50cl ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ń ra púpọ̀, ẹ dán an wò. Lóòótọ́, òfin ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n ti wà ní Nàìjíríà láti 1974, kílò àti lítà ló sì fọwọ́ sí, àmọ́ ẹ gbé òfin yẹn lọ síwájú ìyá oníkọ́ńgò kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa wò yín.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ ná kọ́ńgò kí ẹ tó ná owó. Ẹ di èyí tí ẹ ti yẹ̀ wò mú, kí ẹ ní, "Èyí ni mo ń ná o, kì í ṣe òmíì," torí wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ̀ tí owó bá ti balẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, kí ẹ bu tibẹ̀ tọ́ wò. Gàrí Ìjẹ̀bú gidi á kan, á kúnná, á gbẹ. Ẹni tó jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin kó tó yan án ò lè fi ₦400 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó tún máa rẹ́rìn-ín.

Ìyálọ́jà la fẹjọ́ sùn. Wọ́n dá owó wa padà, wọ́n sì gba kọ́ńgò náà lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ kọ́ńgò ò wọ́n lọ́jà. Tí Ojúde Ọba bá tún dé, tí àlejò kún Ìjẹ̀bú-Òde, irú wọn á tún pàtẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹni tí kọ́ńgò ẹ̀ pé ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́, odidi àpò ni mo fẹ́ rà.