AWS Lambda: ibi tí kóòdù tó ń fa ẹsẹ̀ ti ń jẹ owó yín

Lórí Lambda, ẹ óò gbé kóòdù yín fún Amazon, wọn óò máa bá yín ṣe é nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá pè é, ẹ ò sì ní sáfà tí ẹ óò máa tọ́jú. Apá yìí dára, mi ò ní àwáwí kankan sí i. Owó ni ọ̀rọ̀ wà.

Mẹ́mórì tí ẹ yàn àti àkókò tí kóòdù fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń kà. Ní us-east-1 (ẹkùn AWS kan ní Amẹ́ríkà), lórí x86 (irú ṣíìpù tó wọ́pọ̀), GB kan fún ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ $0.0000166667, mílíọ̀nù ìpè kan sì jẹ́ $0.20. Kó tó di Oṣù Kejìlá 2020, kóòdù tó bá fi 12 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá) parí, owó 100 ms ló ń san. Ní báyìí, ms kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà.

Ká ní kóòdù kan ń lo 512 MB fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí wọ́n ń pè é ní ìgbà mílíọ̀nù kan lóṣù: owó àkókò nìkan jẹ́ $8.33, láìka owó ìpè àti ìwọ̀n tí AWS ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá tún un kọ tó di 200 ms, $1.67 ni. Ta ló máa fi ọjọ́ méjì jókòó tì í nítorí $6.66? Bí ìpè bá wá di 100 mílíọ̀nù, $666 ni ẹ ń sọ nù lóṣooṣù, ó tó jókòó tì. Ní Nàìjíríà, ibẹ̀ tètè ń dé: náírà ni owó ẹni tó ń kọ kóòdù, dọ́là ni bíìlì, ẹ sì mọ ohun tójú náírà ti rí láti Oṣù Kẹfà 2023. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ pọ́ọ́kú, pé ènìyàn ló wọ́n, ìṣirò Amẹ́ríkà ló ń ṣe.

Mẹ́mórì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò. Wọ́n á fi í sí 128 MB, kí owó lè kéré. Bẹ́ẹ̀ mẹ́mórì ni agbára CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ń tẹ̀ lé. Ó di 1,769 MB kí kóòdù tó ní odidi vCPU kan (CPU tí Amazon ń yá yín). Iṣẹ́ ìṣirò tó gba ìṣẹ́jú-àáyá 8 ní 128 MB lè parí láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 1 ní 1,024 MB, iye owó kan náà. Lókè 1,769 MB, kóòdù tó ń lo thread kan ṣoṣo (tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan) kò ní yára sí i mọ́. Owó nìkan ló máa gòkè. Ẹ wo Billed Duration (àkókò tí wọ́n gba owó rẹ̀) àti Max Memory Used (mẹ́mórì tí kóòdù lò jù) lórí ìlà REPORT nínú CloudWatch, ibi tí AWS ń kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ sí, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Mẹ́mórì kò sì lè wo dídúró sàn. Lúùpù tó bi dátábéèsì léèrè ní ìgbà 100, ní 5 ms ẹ̀ẹ̀kan, ti fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ṣòfò. JOIN kan ṣoṣo (ìbéèrè kan tó ń pa tábìlì pọ̀) ló yẹ kó ṣe é. Láti Oṣù Kẹjọ 2025, wọ́n ń gba owó INIT (àkókò tí kóòdù fi ń múra sílẹ̀) náà, nítorí náà ẹ má ṣe import pandas (láíbùrárì dátà ńlá fún Python) fún ohun tí csv lásán lè ṣe.

Arm (irú ṣíìpù mìíràn, tí wọ́n tún ń pè ní arm64) dín owó àkókò kù ní ìdá kan nínú márùn-ún, ṣùgbọ́n láíbùrárì tí wọn ò kọ́ fún arm64 máa kọ̀ láti ṣí.

Ẹ ṣọ́ra fún NAT Gateway, ọ̀nà tí kóòdù inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni yín fi ń jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì: $0.045 ní wákàtí kan, $32.40 ní ọjọ́ 30, kí ẹ tó ka dátà. Bó bá jẹ́ S3 (ibi ìpamọ́ fáìlì AWS) nìkan ni kóòdù ń bá sọ̀rọ̀, gateway endpoint (ọ̀nà tààrà sí S3) wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún iṣẹ́ tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Lambda ni mo fara mọ́. Fún èyí tí kì í sinmi, ó ti o: 1 GB tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ 30 jẹ́ $43.20, t4g.micro (sáfà kékeré tí ẹ óò yá lọ́dọ̀ AWS) tó ní 1 GB náà jẹ́ nǹkan bí $6.05 fún sáfà nìkan, bí CPU kò bá ti pọ̀ jù fún un.