Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ́langba: káàdì ọkọ̀ wo ni kí ẹ rà?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀fẹ́ ni bọ́ọ̀sì fún un, ọ̀fẹ́ náà ni Tube tí í ṣe ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, bí àgbàlagbà tó sanwó tirẹ̀ bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Àgbàlagbà kan lè mú ọmọ mẹ́rin irú bẹ́ẹ̀ wọlé. Ọjọ́ tí ọmọ bá pé 11 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fi káàdì lásán kan ẹ̀rọ tó ń gba owó ọkọ̀, àgbàlagbà ni ẹ̀rọ máa kà á sí, owó àgbàlagbà ló sì máa yọ. Ẹ̀dínwó wà fún ọ̀dọ́langba, ó sì tóbi, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá béèrè kò ní rí i gbà. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, nílé lẹ ti gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀, kí ẹ tó wọ bàálù.

Iye owó tí a lò níbí ni èyí tí TfL, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, gbà ní ọdún 2025; ó lè ti yí padà. Oṣù Kẹta ni wọ́n sábà máa ń yí owó padà, nítorí náà ẹ wo ojú ewé wọn kí ẹ tó gbéra. Oyster tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ ni káàdì ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń fi owó sí; sóònù ni àwọn agbègbè tí wọ́n pín ìlú sí láti fi mọ iye owó, sóònù 1 ni àárín ìlú.

Fún ọmọ ọdún 11 sí 15: ọ̀nà mẹ́ta

| | Káàdì bánkì | Oyster pẹ̀lú ẹ̀dínwó Young Visitor | Zip 11–15 |
|---|---|---|---|
| Owó káàdì | Kò sí | £10, kì í padà | Nǹkan bí £15, kì í padà |
| Bọ́ọ̀sì | £1.75 | Ìdajì | Ọ̀fẹ́ |
| Tube, sóònù 1 sí 2, nígbà tí èrò kò pọ̀ | £2.90 | £1.45 | Kò tó £1 |
| Ìmúrasílẹ̀ | Kò sí | Ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ibùdókọ̀ | Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú ìrìn àjò |

Káàdì bánkì ló rọrùn jù, òun ló sì wọ́n jù. Ẹ kàn máa fi kan ẹ̀rọ ni, ẹ kò ra nǹkan kan, ẹ kò tò sórí ìlà. Àmọ́ kò sí bí ẹ ṣe lè lẹ ẹ̀dínwó ọmọdé mọ́ ọn. Ẹni kan, káàdì kan sì ni: ìyá kò lè fi káàdì kan ṣoṣo gba ẹnu ọ̀nà fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ méjì, torí ẹ̀rọ kò ní ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn kan máa ń rò pé àwọn gbọ́n, wọ́n á lo káàdì fúnra wọn, wọ́n á gbé fóònù tí káàdì yẹn wà nínú rẹ̀ fún ọmọ. Ìyẹn ṣiṣẹ́, nítorí pé lójú ẹ̀rọ, fóònù àti káàdì kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n owó àgbàlagbà méjì lẹ ń san yẹn. Bó bá wá di ọ̀sán tí ẹ pààrọ̀ ara yín, tí ìyá mú fóònù tí ọmọ mú káàdì, gbèdéke ojoojúmọ́, ìyẹn iye tó pọ̀ jù tí ẹ̀rọ lè yọ lórí káàdì kan lọ́jọ́ kan, ti dàrú nìyẹn. Bí bánkì yín bá wà ní Nàìjíríà, ẹ béèrè bóyá káàdì náà ń ṣiṣẹ́ lókè òkun àti iye tí wọ́n ń gbà lórí ìpàṣípààrọ̀ owó, torí TfL kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Young Visitor ni ọ̀nà tó bá ọ̀pọ̀ àlejò mu. Ẹ̀dínwó ni, kì í ṣe káàdì ọ̀tọ̀. Ẹ ra Oyster lásán fún ọmọ nínú ẹ̀rọ ní ibùdókọ̀ Tube, ẹ fi owó sí i, kí ẹ wá pe òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pé kó fi Young Visitor discount sí i. Orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí nìyẹn, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àgbàlagbà pẹ̀lú. Òṣìṣẹ́ á ṣí ẹ̀rọ náà, á fi káàdì lé e, kò ní pẹ́ rárá. Láti ìgbà náà, ìdajì owó àgbàlagbà ni ọmọ máa san, ìdajì sì ni gbèdéke ojoojúmọ́ rẹ̀.

Ibi mẹ́ta lọ̀rọ̀ Young Visitor ti máa ń bàjẹ́. Àkọ́kọ́, àwọn kan á ra káàdì tán, wọ́n á gbàgbé ẹ̀dínwó, wọ́n á rò pé ẹ̀rọ ti mọ̀ pé ọmọdé ló ni ín. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ fi hàn yín lójú ẹ̀rọ pé ó ti wà lórí káàdì kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀. Èkejì, ọjọ́ 14 péré ni agbára rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, káàdì á padà sí owó àgbàlagbà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ kò sì ní mọ̀ àfi tí owó inú rẹ̀ bá tètè tán. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kò sí fún ọmọ ọdún 16, kódà bí àná ló pé 16.

Zip ni ọba nínú wọn, ṣùgbọ́n kì í dúró de ẹni tí kò tètè múra. Káàdì tó ní àwòrán ọmọ lójú ni, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni òbí ti ń béèrè fún un, pẹ̀lú fọ́tò àti páspọ́ọ̀tù ọmọ. Ẹni tí kò gbé ní ìlú ọba náà lè béèrè, kó sì yàn láti gbà á ní ọ̀kan nínú àwọn Visitor Centre TfL bí ó bá dé. Ẹ fún wọn ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Fọ́tò ló sábà máa ń dá a padà: òjìji lójú, fìlà lórí, tàbí fọ́tò tí wọ́n ya láti inú fọ́tò mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró níwájú ògiri funfun lójú ọ̀sán, kí ẹ yà á fún ìdí yìí gan-an.

Ìṣirò

Ẹ mú ọmọ ọdún 13 kan tó dé ní Ọjọ́bọ̀, tí yóò padà ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 10 nìyẹn. Lójoojúmọ́ ó wọ Tube lẹ́ẹ̀mejì láàárín sóònù 1 àti 2 nígbà tí èrò kò pọ̀, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ní owó àgbàlagbà, £9.30 nìyẹn, ṣùgbọ́n gbèdéke ojoojúmọ́ fún sóònù 1 sí 2 jẹ́ £8.90, kò ní kọjá a. Gbèdéke ọ̀sẹ̀ tún wà, £44.70, láti Mọ́ńdè sí Sọ́ńdè.

Bó bá lo káàdì bánkì: Ọjọ́bọ̀ sí Sọ́ńdè, ọjọ́ mẹ́rin, £35.60. Mọ́ńdè sí Sátidé, gbèdéke ọ̀sẹ̀ á mú un, £44.70. Àròpọ̀ £80.30. Bó bá lo Oyster pẹ̀lú Young Visitor: £4.45 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 ni £44.50, ẹ fi £10 owó káàdì kún un, £54.50. Bó bá lo Zip: bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́, Tube méjì kò tó £2 lójúmọ́, ẹ fi nǹkan bí £15 kún un, kò tó £35. Ẹ sọ ọ́ di ọmọ méjì, ẹ ó rí i pé ó ju £90 lọ tó wà láàárín ẹni tó múra nílé àti ẹni tó fi káàdì bánkì lé ọmọ lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ lásán lẹ wá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lórí bọ́ọ̀sì nìkan kò lè ju £15.75 lọ pẹ̀lú káàdì bánkì, nígbà tí Oyster tuntun pẹ̀lú ẹ̀dínwó á tó £18, torí £10 káàdì náà. Níbẹ̀, a kò ní ra Oyster. Bí Tube bá wọ inú rẹ̀, Oyster tún borí, ṣùgbọ́n pẹ̀lú £3 péré. Bí ẹbí yín tó wà níbẹ̀ bá ní Oyster tó ń dùbúlẹ̀ nínú dúróà, ẹ yá a. Owó inú rẹ̀ kì í bàjẹ́, òṣìṣẹ́ sì lè fi ẹ̀dínwó sórí káàdì àtijọ́ náà.

Ọmọ ọdún 16 àti 17, ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀

Young Visitor kò kàn wọ́n mọ́. Ohun méjì ló kù. Zip 16+ (nǹkan bí £20) ń fún wọn ní ìdajì owó àgbàlagbà. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tí ẹ máa ń gbọ́ nípa rẹ̀, àwọn tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà fún. Òun náà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Èkejì ni 16-25 Railcard, káàdì ẹ̀dínwó ọkọ̀ ojú irin, £35 fún ọdún kan, tí òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ lè so mọ́ Oyster. Á gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó Tube, ṣùgbọ́n nígbà tí èrò kò pọ̀ nìkan, kò sì kan bọ́ọ̀sì. Nínú Lọ́ńdọ̀nù nìkan, bí ọmọ bá tiẹ̀ ń dé gbèdéke lójoojúmọ́, nǹkan bí £3 ló ń rí lóòjọ́: yóò tó ọjọ́ 12 kí £35 tó padà, láì tíì ka £10 Oyster. Kò yẹ ní rírà fún ọjọ́ 10. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ Manchester tàbí Leeds láti kí ẹbí, ó lè san gbogbo owó rẹ̀ ní ìrìn kan, torí ó ń gé ìdá kan nínú mẹ́ta níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má ṣì í mú fún 16-17 Saver: ìyẹn ń gé ìdajì owó ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n kò ṣeé so mọ́ Oyster. Family & Friends Railcard náà kò ṣeé so.

Bọ́ọ̀sì ni ẹ̀dínwó tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́kọ́ béèrè

Ẹni tó bá sùn sí Peckham kò ní ibùdókọ̀ Tube nítòsí, ọ̀pọ̀ àlejò sì máa ń ka ìyẹn sí ìyà. Bọ́ọ̀sì 12 gba Camberwell, Elephant & Castle, Westminster àti Trafalgar Square kọjá títí dé Oxford Circus. £1.75 fún àgbàlagbà, ìjókòó òkè níwájú, ìlú ńlá lójú fèrèsé. Láàárín wákàtí kan sí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ fi káàdì kan ẹ̀rọ, gbogbo bọ́ọ̀sì tí ẹ bá tún wọ̀, ọ̀fẹ́ ni, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ìyẹn ni Hopper. Káàdì kan náà lẹ gbọ́dọ̀ lò. Gbèdéke bọ́ọ̀sì fún ọjọ́ kan ni £5.25. Bọ́ọ̀sì kò gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti oṣù Keje 2014, nítorí náà ẹ má kó owó ẹyọ dání.

Ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọ bọ́ọ̀sì nìkan. Ní Tube, nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde ni.

Àgbàlagbà tó dé láàárín ọ̀sẹ̀

Gbèdéke ọ̀sẹ̀ kò mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ lẹ dé. Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, bí ẹ bá ń dé gbèdéke lójoojúmọ́, ẹ ó san £62.30 nítorí pé Mọ́ńdè á pín in sí méjì. 7 Day Travelcard, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ méje tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan náà, fún sóònù 1 sí 2 jẹ́ £44.70, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tó bá wù yín. Pẹ̀lú £10 Oyster tí ẹ máa fi sí, £7.60 lẹ jèrè. Ẹni tí kì í dé gbèdéke kò gbọdọ̀ sún mọ́ Travelcard.

Láti Heathrow

Tube láti Heathrow dé àárín ìlú jẹ́ £5.80 fún àgbàlagbà, Elizabeth line, ọkọ̀ ojú irin mìíràn, £13.90. Heathrow Express ń gbé ọmọ tí kò tíì pé 16 lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àgbàlagbà, èyí tó máa ń tan òbí jẹ: tíkẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà kan níbẹ̀, bí ẹ bá rà á lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n ju àgbàlagbà kan àti ọmọ mẹ́ta lórí Tube lọ, ìyẹn £14.50 bí Young Visitor bá ti wà lórí káàdì àwọn ọmọ. Ní ibùdókọ̀ Tube Heathrow gan-an ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá sọ̀ sí Gatwick kò ní Tube níbẹ̀. Ọkọ̀ Southern tàbí Thameslink ni kí ó wọ̀, kì í ṣe Gatwick Express.

Ohun tó ń jẹ owó lẹ́yìn tí ẹ ti ra káàdì tó tọ́

Gbígbàgbé láti fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ ń jáde. Ọ̀dọ́langba tó ń wo fóònù ló sábà máa ń ṣe é, pàápàá ní àwọn ibùdókọ̀ DLR (ọkọ̀ ojú irin kékeré ìhà ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù) tí kò ní ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ á yọ owó tó pọ̀ jù lọ fún ìrìn yẹn, gbèdéke kò sì ní gbà yín. Bí òṣìṣẹ́ bá wá bá ọmọ nínú ọkọ̀ láìjẹ́ pé ó fi káàdì kan ẹ̀rọ, owó ìtanràn jẹ́ £100, £50 bí ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 21.

Wíwọ ọkọ̀ nígbà tí èrò pọ̀: Mọ́ńdè sí Jímọ̀, aago 6:30 sí 9:30 àárọ̀, àti aago 4 sí 7 ìrọ̀lẹ́. Tube sóònù 1 sí 2 á kúrò ní £2.90, á di £3.50. Ẹ jẹun àárọ̀ tán kí ẹ tó jáde.

Ẹ̀rọ aláwọ̀ pínkì wà ní àwọn ibùdó bíi Canada Water, Whitechapel àti Stratford. Bí ẹ bá yí ọkọ̀ níbẹ̀ láìgba sóònù 1 kọjá, ẹ fi káàdì kàn án, owó á wálẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà, bí owó tó kù nínú Oyster kò bá ju £10 lọ, ẹ̀rọ títa tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ Tube lè dá a padà fún yín, ṣùgbọ́n káàdì á kú. Bí ẹ bá ní ẹbí tó máa wá lẹ́yìn yín, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.