Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àbí Ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ Nígbà Iná Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹni tó bá fẹ́ wakọ̀ láti Adó-Èkìtì lọ wo òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń sun oko tí àwọn ọdẹ sì ń finá lé ọ̀yà jáde nínú igbó, ní ọ̀nà méjì tó yẹ kó gbé yẹ̀ wò.

Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó gba Arámọkọ kọjá, ló wù mí jù, nítorí òkè ló yí ìlú náà ká, èèyàn sì lè yà sí Ìkọ́gòsì lọ wo ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ṣùgbọ́n koríko gbígbẹ pọ̀ létí ọ̀nà náà, iná a sì máa yára gun òkè ju bó ṣe ń sọ̀ ọ́ lọ. Mo ti rí i tí màjàlà ń bọ́ sórí gíláàsì ọkọ̀ bí ìyẹ́ dúdú, tí èéfín bo kọ́nà débi pé iná iwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ nìkan la rí.

Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà, àpáta lásán sì ni Olóṣùnta, òkè tí à ń lọ wò níbẹ̀. Iná kò rí nǹkan jẹ lára rẹ̀. Bí ọmọ ọwọ́ tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà nínú ọkọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ fi Ẹ̀fọ̀n sílẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀.