Aṣọ bàtíìkì Tìmẹ́hìn tí mo rà l'Óṣogbo: àwòrán pegedé, aró ń ṣí

Bí ẹ bá ra aṣọ yìí, ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ, torí jàlámíà funfun tí ọkọ mi fi ń lọ kí Jímọ̀ ti di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀bẹ̀ ni mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta bẹ̀.

Bàtíìkì aláwòrán ni, aṣọ tí wọ́n fi ìda yàwòrán sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri, ó ga tó ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà tó lọ sí igbó Ọ̀ṣun ni mo ti rà á. ₦22,000 ni wọ́n pè é, a parí ẹ̀ sí ₦18,000. Bàbá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló pé ẹni ọdún 75. Ọdẹ ni wọ́n, mo sì ń wá ohun tó máa bá ọdẹ mu.

Lárooyè, ọba àkọ́kọ́ l'Óṣogbo, ló kún ṣọ́ọ̀bù náà: Lárooyè pẹ̀lú adé, Lárooyè pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ẹja yẹn la fi ń pe ọba wa ní Àtáója, atẹ́wọ́gbẹja. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ rí omi? Nígbà tí ọ̀dá dá ní Ìpólé, Olútìmẹ́hìn, Tìmẹ́hìn tí mò ń wí yìí, ló ń lé erin kiri inú igbó títí ó fi já sí odò Ọ̀ṣun. Ọdẹ ńlá, ẹnìkejì Lárooyè, síbẹ̀ ẹ̀yìn pátá ni wọ́n kó o sí, lábẹ́ àwòrán àwọn onílù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù.

Igi tí wọ́n gé ti wó sínú odò nínú àwòrán náà, àwọn ìkòkò aró Ọ̀ṣun ti fọ́. Ibi tí ohùn ti wá látinú omi nìyẹn, pé àwọn òṣó igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Tìmẹ́hìn dúró, ẹsẹ̀ kan nínú omi, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ súnmọ́ ọn dáadáa kí ẹ tó rí iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀. Níbi tí ìda ti sán ni aró gbà wọlé, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá ojú odò. Ní ìdí ìkòkò, ìlà náà pọ̀ bí ìtàkùn. Lójú Tìmẹ́hìn, kò sí ẹyọ kan. Ẹni tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹ̀kọ láfún ni ìyá mi fi ń yàwòrán sí àdìrẹ tiwọn, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ tó dára bí mo bá rí i.

Bàbá wọ awò wọn, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní ọdẹ náà dára, ó jọ ẹni tí ẹ̀rù ń bà lóòótọ́. Erin tó wà lẹ́yìn ni wọn ò fọwọ́ sí, kékeré, ó jọ màlúù onímú gígùn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, wọ́n ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Eléyìí, fìrí gan-an ni."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ bà á jẹ́, tí mo fọ̀ ọ́. Kì í ṣe aró èlú, mo ti gbọ́ òórùn ẹ̀ kí n tó rà á, ṣùgbọ́n aró òyìnbó náà kì í ṣí báyìí bí wọ́n bá ṣàn án dáadáa kí wọ́n tó sá a. Wọ́n kánjú ni. Kò sí ẹni tó sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n fi wé e fún mi, kò sí rìsíìtì. Mo padà lọ fi jàlámíà hàn wọ́n. Ọmọkùnrin ibẹ̀ wò ó, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìlú aró la wà." Inú ń bí mi, mo sì rẹ́rìn-ín. Kò dá owó padà. Ó ní kí n fi iyọ̀ sómi. Ní ìfọ̀ kẹta, ó ṣì ń ṣí díẹ̀díẹ̀.

Ara ògiri yàrá Bàbá ló wà báyìí. Mo ti san ₦10,000 sílẹ̀ fún òmíràn tí erin ẹ̀ máa tóbi. Ẹ má sọ fún ọkọ mi.