Àkọ́tẹ̀ àbí Àtúntẹ̀: Kí Ẹ Tó Sanwó Àwo Orin

Ojúẹlẹ́gba, Yaba, Mushin: mo ti ra àwo níbẹ̀ gbogbo, àkọ́tẹ̀ (èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí orin náà kọ́kọ́ jáde) àti àtúntẹ̀ (èyí tí wọ́n tún tẹ̀ lẹ́yìn náà) sì wà nílé mi. Ní ti ohùn, àtúntẹ̀ mọ́ roro; àkọ́tẹ̀ tí wọn ò bá tọ́jú máa ń ta pàràpàrà. Ní ti owó, àkọ́tẹ̀ ló wọ́n. Ní ti ìwúwo, ọ̀pọ̀ àtúntẹ̀ òde òní tó gíráàmù 180, nítorí náà bí ontàjà bá ní "ẹ gbé e wò, ó wúwo, ti àtijọ́ ni," ẹ má gbà.

Ìdánimọ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ní Mushin, mo san ₦40,000 lórí àwo jùjú kan. Páálí rẹ̀ ti gbó létí, òórùn àpótí aṣọ àtijọ́ sì wà lára rẹ̀. Lébẹ́ẹ̀lì náà jọ ti àtijọ́ pátápátá. Ilé ni mo ti wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Láàárín ibi tí orin parí sí àti ibi tí lébẹ́ẹ̀lì ti bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà gígùn kan wà tó parí sí E1/A. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ GZ Media tó ń tẹ àwo ní ilẹ̀ Czech máa ń fi sára àwo òde òní. Páálí ọdún 1973, àwo òde òní ló wà nínú rẹ̀! Nígbà tí mo padà lọ, ontàjà náà ní ọjà tí a bá ti gbé kúrò kì í padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí nọ́ńbà yẹn wà ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Páálí ṣeé pààrọ̀, lébẹ́ẹ̀lì ṣeé tẹ̀ kó jọ ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ara irin tí wọ́n fi tẹ àwo ni àkọsílẹ̀ yẹn ti wá. Ẹ da àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí iná lè gba ẹ̀gbẹ́ bà á. Bí iná bá kọjú sí i gan-an, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Bó bá jẹ́ àwo àtijọ́ ti ilé-iṣẹ́ agbórinjáde EMI tí wọ́n tẹ̀ ní Ìlú Ọba, ẹ wá lẹ́tà kékeré lápá ọ̀tún ibẹ̀ yẹn kan náà; òun ló ń sọ irin kelòó ni wọ́n fi tẹ àwo náà. GRAMOPHLTD ni wọ́n fi ń kà á: G ni 1, R ni 2, A ni 3, títí dé D tó jẹ́ òdo. Bí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ bá parí sí -1, tí G sì wà lọ́tùn-ún, ẹ ti sún mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ gan-an.

Ẹ wo ẹ̀yìn páálí pẹ̀lú. Ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ fi kòódù onílà dúdú-funfun ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù, ní Amẹ́ríkà. Bó bá wà lẹ́yìn páálí àwo ọdún 1970, àtúntẹ̀ ni. Ontàjà tí kò bá sì jẹ́ kí ẹ yọ àwo jáde wò, ẹ dá owó yín padà sápò.

Ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ orin, kó ra àtúntẹ̀, ó dáa. Àmọ́ lára àkọ́tẹ̀ kan tí mo ní, àwọn ìlà tín-ín-rín yí ihò àárín ká, níbi tí àwọn tó ni ín ṣáájú mi ti ń táràrà wá ọ̀pá ẹ̀rọ lálẹ́ òde àríyá. Mi ò lè fi àtúntẹ̀ mẹ́ta pààrọ̀ rẹ̀.